Oúnjẹ Orí Ẹ̀yinná ní Àgọ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, bí a bá ń lọ sí ìpàgọ́, kò di dandan kí á ru gbogbo ìkòkò ilé dání. Ní etí òkun Tìbéríà, ẹja orí ẹ̀yinná àti àkàrà ni Jésù fi bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ (Jòhánù 21).

Ẹ jẹ́ kí igi jó di ẹ̀yinná ná; ọwọ́ iná a máa jó ẹ̀yìn oúnjẹ nígbà tí inú rẹ̀ kò tíì jinná. Ẹ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹ máa yí i títí yóò fi pupa: bọ̀ọ̀lì dé nìyẹn, ẹ fi ẹ̀pà jẹ ẹ́. Ẹ sun iṣu tèèpo-tèèpo, ẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí òtútù bá mú lóru, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀yinná wọ inú àgọ́ tàbí yàrá. Afẹ́fẹ́ olóró tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbóòórùn rẹ̀, ń jáde lára rẹ̀, ó sì lè pa ẹni tó sùn. Ẹ bu omi pa á, ẹ rò ó títí yóò fi tutù, kí ẹ tó lọ sùn. Olúwa ni olùṣọ́ wa. Kí á má ṣe dán an wò.