Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé

Àpò kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Abúlé Òkúta, ní agbègbè Ṣómólú àti Bárígà. Ìyá ọlọ́jà ń kó aṣọ sí i; akẹ́kọ̀ọ́ ń di ẹrù sínú rẹ̀. ‘Ghana Must Go’ lorúkọ rẹ̀. Orúkọ náà ti di àwàdà, ṣùgbọ́n ẹkún ló bí i.

Ní 17 Oṣù Kìn-ín-ní 1983, Ali Baba, Mínísítà Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé, pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó fọ́n sójú ọ̀nà; ọmọ Gánà ló pọ̀ jù. Ìdí mẹ́ta ni àwọn tó kan sáárá sí àṣẹ náà dì mú, òun náà sì ni àwọn alátakò àjèjì ń wí dòní: àjèjì rú òfin, àjèjì ń jalè, àjèjì gba iṣẹ́.

Lóòótọ́, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún àlejò láti gbé láìgba físà, ọ̀pọ̀ ló sì kọjá gbèdéke. Ṣùgbọ́n ta ló gbà wọ́n síṣẹ́? Ọmọ onílé kan náà tó ń pariwo òfin ni. Ní ti olè, ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọba kì í gé ọwọ́ gbogbo ará àdúgbò. Ìwé ìrìnnà kì í jalè, ènìyàn ní í jalè. Ilé-ẹjọ́ sì wà fún un. Ní ti iṣẹ́, owó epo rọ̀bì tó já wálẹ̀ ló dá ọ̀wọ́n sílẹ̀. Wọ́n lé àjèjì ní 1983, wọ́n tún lé wọn ní 1985. Ní 1986, náírà ṣubú yakata. Ta ni wọ́n tún fẹ́ dá lẹ́bi ìyẹn?

Àwọn kan ní ẹ̀san ni. Wọ́n rántí 18 Oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àjèjì aláìníwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ní Gánà, tí àwọn oníṣòwò ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ọgbẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ Busia ní 1972, ó sì ti kú ní 1978. Bíríkìlà ọmọ Gánà tí wọ́n lé l'Ékòó kọ́ ló ṣòfin 1969. Ẹni tó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Pàṣán tí a fi na ìyáálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní Oṣù Kejìlá 2025, Donald Trump kéde pé láti 1 Oṣù Kìn-ín-ní 2026, Amẹ́ríkà kò ní fún ọmọ Nàìjíríà ní físà àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ara ìdí tó sọ ni pé àwọn kan kọjá gbèdéke. Ohùn 1983 gan-an nìyẹn, ó kàn yí ẹnu padà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi àtùpà kàwé ní Abúlé Òkúta kò kọjá gbèdéke kankan; ìwé ìrìnnà tí yóò gbà lọ́la ni wọ́n fi dá a lẹ́bi.

Ẹni tó bá ń pe èyí ní ìrẹ́jẹ, tó sì ń pe ti 1983 ní ọgbọ́n ìlú, kò kórìíra ìrẹ́jẹ. Ibi tí pàṣán bà sí ló ń dùn ún. Òfin tó bá fẹ́ jẹ́ òfin, kó bi àlejò ní ohun tó ṣe, kó má bi í ní ibi tí wọ́n ti bí i.