Ohun Tí Ara Ń Ṣe Lè Pa Ara: Èsì fún Àwọn Tó Ń Gba Abẹ́rẹ́ Agbára

Ọ̀rọ̀ kan ti di ìgbàgbọ́ láàárín àwọn ọkùnrin wa, láti àwọn jíìmù tó ń pọ̀ sí i ní Àkúrẹ́ títí dé iwájú kẹ́mísì ní ìlú Oǹdó. Wọ́n ní testosterone, èyí tí wọ́n ń gún bí abẹ́rẹ́ agbára, kì í ṣe oògùn. Wọ́n ní ara ọkùnrin fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, Ọlọ́run ló fi síbẹ̀, ohun tí Ọlọ́run sì fi sí ara ẹni kò lè ṣe ara náà ní jàǹbá. Wọ́n tún ní bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń gbà á bá ru, ìrònú ló fà á: owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, owó epo, wàhálà ìlú. Gbogbo ìgbàgbọ́ ọ̀hún nìyẹn, kò ní ìdí mìíràn lábẹ́. Olùkọ́ jíìmù ń sọ ọ́, ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ń sọ ọ́, ọkùnrin àádọ́ta ọdún tó fẹ́ kí ara òun padà di ti ọmọ ogún ọdún náà ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Mo ti gbọ́ ọ tó, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láìfèsì. Irọ́ ni, irọ́ tó ń sọ ìyàwó ilé di opó ni.

Ìdajì òtítọ́ ni irọ́ yìí fi ń rìn. Òtítọ́ ni pé kórópọ̀n ọkùnrin ló ń ṣe testosterone. Òun ló ń sọ ohùn ọmọkùnrin di ti àgbà, tó ń mú irùngbọ̀n hù, tó ń mú iṣan apá le. Ọdún 1935 ni Ernst Laqueur àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amsterdam yọ ọ́ jáde láti inú kórópọ̀n akọ màlúù. Lọ́dún kan náà ni Adolf Butenandt àti Leopold Ruzicka rí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ṣe é láìyọ ọ́ láti inú kórópọ̀n ẹranko, iṣẹ́ họ́mónù yìí sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ọdún 1939. Àmọ́ láti orí “ara ló ń ṣe é” dé orí “kò lè pa ara lára”, ọ̀gbun ló wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn wa sì ń fò ó láìwo ìsàlẹ̀. Insulin, ara ló ń ṣe é. Bí wọ́n bá gún ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ ní èyí tó pọ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Adrenaline, ara ló ń ṣe é. Òun gan-an ló ń mú kí àyà ẹni máa lù kìkì nígbà ìbẹ̀rù, tó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè lójú ẹsẹ̀. Cortisol, ara ló ń ṣe é. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí iléeṣẹ́ ń ṣe, prednisolone àti dexamethasone, ni àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra, tí ojú wọn ń wú, tí BP wọn ń gòkè, tí ṣúgà wọn náà ń gòkè. Ta ló tún fẹ́ dìde kó sọ pé ohun tí ara ń ṣe kò lè pa ara? Iyọ̀ tó ń mú ọbẹ̀ dùn náà ló ń ba ọbẹ̀ jẹ́ bí ọwọ́ bá ti wúwo.

Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, orí ìwọ̀n yìí ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí, nítorí òun ni àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ kì í fẹ́ gbọ́. Ara ọkùnrin tó pé ń ṣe nǹkan bíi mílígíráàmù 5 sí 7 testosterone lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò pé 50. Ẹ wá wo ìgò kékeré kan ṣoṣo abẹ́rẹ́ testosterone tí wọ́n ń pè ní Sustanon 250, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti sọ iye tó wà nínú rẹ̀: mílígíráàmù 250. Bí a bá tilẹ̀ yọ ìwọ̀n àwọn èròjà tí wọ́n so mọ́ ọn kúrò, kí ó má bàa tètè tú, testosterone tó kù síbẹ̀ ṣì ju èyí tí ara ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó ń fi rọ́pò ohun tí ara aláìsàn kò ṣe mọ́ fi sábà máa ń gún ẹyọ kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn tó ń fi wá iṣan ńkọ́? Méjì lọ́sẹ̀, àwọn mìíràn mẹ́rin lọ́sẹ̀, wọ́n á sì tún fi oníhóró gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣé ìyẹn ni Ọlọ́run fi sí ara? Ọlọ́run tó fi testosterone sí ara náà ló fi ohun tó ń ká a lọ́wọ́ kò síbẹ̀. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún kórópọ̀n. Bó bá rí i pé èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti tó, á ní kí ó dáwọ́ dúró. Abẹ́rẹ́ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ. Kórópọ̀n á ti gbọ́, á ti dáwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró, á ti ń sún kì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gún sí ìdí á ṣì máa tú wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án lóru, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbà á kí ẹ lè bímọ, ẹ gbọ́ èyí: Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dán an wò lára ọkùnrin gẹ́gẹ́ bí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, mílígíráàmù 200 lọ́sẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1990. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò rí ẹyọ irúgbìn ọmọ kan mọ́ nínú àtọ̀ wọn.

Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe wá ń ru? Kì í ṣe àwámáàrídìí. Bí testosterone bá ti kọjá ìwọ̀n, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í di iyọ̀ mú, ibi tí iyọ̀ bá sì wà ni omi ń dúró sí. Omi tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ ju àyè rẹ̀ lọ. Ẹni tó fi kílò mẹ́ta wúwo sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kan sáárá sí i pé iṣan ti ń yọ, omi ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń yìn. Ìyẹn nìkan kọ́. Testosterone tún ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú eegun pé kí ó máa ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa láìsinmi. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní PCV, èyí tí gbogbo ẹni tó ti bímọ sílé ìwòsàn mọ̀, ló ń fi èyí hàn. Ti ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń wà láàárín 40 sí 50. Àwọn oníṣègùn họ́mónù káàkiri ayé ti fi ẹnu kò pé bí PCV ẹni tó ń gba testosterone bá ti kọjá 54, kí wọ́n dá oògùn náà dúró. Kí ló dé? Nítorí ẹ̀jẹ̀ ti ki. Ọkàn tó ń tu ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù, tó tún ki jù, ní láti fi agbára tó ju agbára lọ ṣiṣẹ́, ògiri rẹ̀ á máa nípọn sí i, títí yóò fi le débi pé kò ní lè tú ara ká dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ki náà ló ń dì nínú iṣan tó lọ sí ọpọlọ, ohun tí a ń pè ní rọpárọsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ìrònú wà nínú gbogbo èyí? Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í gbé PCV lọ sí 58.

Àwọn tó ka ìwé díẹ̀ á ní òyìnbó fúnra wọn ti sọ pé kò léwu. Èyí ń bí mi nínú gan-an, nítorí wọ́n ń ka ìlà kan, wọ́n ń fo ìlà tó tẹ̀ lé e. Àjọ FDA tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ testosterone kan tí wọ́n ń pè ní Xyosted lọ́dún 2018, wọ́n sì fọwọ́ sí oníhóró kan, Jatenzo, lọ́dún 2019. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sí lára, èyí tí wọ́n ń fi ìlà dúdú yí ká, ohun tí ìkìlọ̀ náà sì sọ ni pé oògùn yìí lè gbé BP sókè, kí ó sì fa ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ tàbí ikú. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ àwọn tó ń lò ó lápá fún wákàtí 24: BP òkè fi 3.7 gòkè lára àwọn tó gba ti abẹ́rẹ́, ó fi 4.9 gòkè lára àwọn tó ń lo oníhóró. Lọ́dún 2025, FDA ní kí ìkìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wà lórí gbogbo oògùn testosterone pátá. Ẹnì kan á ní 4 tàbí 5 kéré. Ó kéré lára ẹni tí BP rẹ̀ wà ní 115, tó ń gba ìwọ̀n tí dókítà kọ fún un. Ní Nàìjíríà, níbi tí bí ẹyọ kan nínú àgbàlagbà mẹ́ta ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀, ẹni tó wà ní 138 tí ó sì ń gba ìlọ́po mẹ́fà ohun tí dókítà máa kọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Wọ́n á tún gbé ìwádìí TRAVERSE ọdún 2023 wá, tí ó ní àwọn tó ń lò ó kò ní ìkọlù ọkàn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n dán an wò lára? Ó lé ní 5,000 ọkùnrin, láti ọmọ ọdún 45 sí 80, tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé testosterone ara wọn kò tó, tí wọ́n ń fi oògùn ìpara gbà á, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láti ìgbà dé ìgbà, tí wọ́n ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù bó bá ti fẹ́ pọ̀ jù. Lábẹ́ gbogbo ìtọ́jú yẹn náà, àwọn tó lo testosterone ṣì ní ìlùkúlù ọkàn, jàǹbá kíndìnrín, àti ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró ju àwọn yòókù lọ. Ọmọkùnrin ọdún 26 tí ara rẹ̀ ń ṣe testosterone tó, tó ń gún abẹ́rẹ́ lẹ́yìn jíìmù, kò sí nínú ìwádìí yẹn. Kó má fi orúkọ ìwádìí náà bo ara.

“Mo mọ ara mi, bí ẹ̀jẹ̀ mi bá ru, mà á mọ̀.” O kò ní mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ru kì í dun ènìyàn. Orí fífọ́ tí o ń retí kí ó wá kìlọ̀ fún ọ lè má wá títí ọjọ́ tí ẹnu yóò fi yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó tún burú ni pé testosterone ń jẹ́ kí ara yá gágá, kí ènìyàn gbé irin tí kò lè gbé lóṣù tó kọjá, tí ó sì fi ń rò pé ara òun le. Agbára apá kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó ń lọ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ṣubú lulẹ̀ láàárín ọjà, tí kò dìde mọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ta á, a ó máa wo ojú àbúrò bàbá, a ó máa gba ààwẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ohun tó ń gún sára. Ìwà yìí kò dára. Ó ń ba ẹbí jẹ́, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó ta abẹ́rẹ́ náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti tà á fún ẹlòmíràn lọ́la.

Ní ti àwọn tó ní tèwe-tegbò ni tàwọn, pé oògùn alẹ́ kò ní àléébù: èèpo igi yohimbe, igi ilẹ̀ Áfíríkà wa, ń gbé BP sókè láìní testosterone kankan nínú. Ní ti àwọn tó ní dókítà náà ń fún ènìyàn ní testosterone: bẹ́ẹ̀ ni, fún aláìsàn.

Àwọn tó ń tà á ni ìbínú mi pọ̀ sí jù. Testosterone kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà. Ìwé àṣẹ tí Pharmacy Council of Nigeria ń fún kẹ́mísì kékeré, oògùn tí kò nílò ìwé dókítà ló wà fún. Kò fún onítọ̀hún láṣẹ abẹ́rẹ́ họ́mónù. Ó mọ̀. Ó ń tà á síbẹ̀, kò wọn BP ẹni tó ń rà á, kò béèrè bóyá bàbá onítọ̀hún kú ikú rọpárọsẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí a ti rí irú èyí ni ìpínlẹ̀ tó dá fásitì ìmọ̀ ìṣègùn sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó láti ọdún 2015. Fásitì náà, UNIMED, wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn rẹ̀ wà ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀, síbẹ̀ olùkọ́ jíìmù ni à ń bi léèrè bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣe testosterone tó ní ẹ̀tọ́ sí i: kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí dókítà kọ ọ́, kí wọ́n máa ṣọ́ BP àti PCV rẹ̀. Ìwọ tí o ti ń gbà á ní tìrẹ, má kàn fi í sílẹ̀ lójijì láìrí dókítà, nítorí kórópọ̀n rẹ ti sùn, ó lè pẹ́ kó tó jí. Ṣùgbọ́n kí o tó gba èyí tó kàn, wọn BP rẹ, kí o sì ní kí wọ́n bá ọ yẹ PCV wò. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa fà. Bí BP bá ti dé 140/90, tàbí tí PCV bá kọjá 54, má gba òmíràn. Ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lọ́jọ́ náà, kí o sì sọ òtítọ́ ohun tí o ń gún sára fún dókítà.