Igi Kọ́ Ni Ó Bá Wa Jà

  Olóòtú fún mi ní àyè díẹ̀, nítorí náà n kò ní fi ìkíni jẹ ẹ́ tán.

Gbogbo ẹni tí ó wá sí ìpàdé oṣù tí ó kọjá ni ó gbọ́ nípa ọmọ wa tí ṣéènì ayùn já lù ní itan. Ọmọ ọdún 19 ni, iṣẹ́ ni ó ń kọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn onípákó wa. Dóńgóyárò àgbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń pàdé ni wọ́n ń gé. Òun ni ó di ẹ̀rọ mú. Lójijì ṣéènì já, ó fò sẹ́yìn bí pàṣán, ó sì ya itan ọ̀tún ọmọ náà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ti ń fi igi rìn. Ẹgbẹ́ dá owó, a sì san owó ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ ní ọjọ́ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹnì kan ní igi náà ti pẹ́ jù, pé irú igi bẹ́ẹ̀ a máa bá ènìyàn jà. Òmíràn ní ọ̀gá ọmọ náà ní ọ̀tá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní ayédèrú ni gbogbo ṣéènì òde òní, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àgbà ni wọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ti lé ní 30 ọdún tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Sábóńgàrí yìí, n kò sì lè dákẹ́. Mo gba ṣéènì náà lọ́wọ́ ọ̀gá, mo sì tò ó sórí tábìlì mi. Ó gbẹ táútáú. Ara rẹ̀ ti ní àwọ̀ búlúù bí irin tí iná alágbẹ̀dẹ ti jẹ. Eyín rẹ̀ kò lè gé ẹ̀kọ tútù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́. Ṣéènì ayùn kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Ègé irin kéékèèké púpọ̀ ni, tí a fi rífẹ́ẹ̀tì so pọ̀. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ tí ń rìn nínú kòtò báà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ gígùn tí ṣéènì ń yí lé lórí. Àwọn kan ní eyín, ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún, èkejì kọjú sí òsì. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Joseph Buford Cox ni ó ronú kan irú eyín yìí ní 1946, nígbà tí ó wo ìdin kòkòrò kan tí ń jẹ igi, tí ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ń gé sí ọ̀tún àti sí òsì. Ní 1947 ó ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ìdin ni olùkọ́ rẹ̀! Bí ẹ̀rọ bá wà lójú eré, ṣéènì a máa sáré tó mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ènìyàn tó lè sọ pé "Olúwa gbà mí," ó ti kọjá. Ohun tí ń sáré bẹ́ẹ̀ lórí irin, bí kò bá rí ọ́ìlì, yóò gbóná, rífẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò jẹ, ihò rẹ̀ yóò fẹ̀, yóò sì já níbi tí ó ti rẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí ni ó dùn mí jù. Púpọ̀ nínú wa kì í ra ọ́ìlì ṣéènì. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ni wọ́n ń bù sí i nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́búlẹ́bú irin tí ó ti ara ẹ́ńjìnnì jẹ ń bẹ nínú rẹ̀, ó ti ṣàn jù, kò sì lè lẹ̀ mọ́ ṣéènì tí ń sáré. Mo tún ti rí ọmọ iṣẹ́ tí ó gbà pé ọ́ìlì tí a pò mọ́ pẹtiróòlù ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ṣéènì. Rárá o. Ti ẹ́ńjìnnì ni ìyẹn. Ṣéènì ní àgbá tirẹ̀, ìgbàkúùgbà tí a bá sì bu pẹtiróòlù ni kí a bu ọ́ìlì sí àgbá yìí pẹ̀lú. Ní àkókò ọyẹ́, eruku pẹ̀lú ìyẹ̀rẹ̀ igi a máa dí ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà dé ara báà, ọ́ìlì yóò kún inú àgbá, ṣéènì yóò sì máa jó gbẹ. Ẹ na ẹnu ayùn sí òkè bébà funfun, kí ó má fi ara kàn án, kí ẹ sì tẹ iná sí i díẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ń jáde, yóò fọ́n ìlà sórí bébà náà. Bí bébà bá mọ́ síbẹ̀, ẹ má wọ inú igi.

Ti eyín wá ńkọ́? Ayùn tí ó mú ni ó ń fa ara rẹ̀ wọ inú igi, ẹ̀rún tí ó nípọn ni ó sì ń tú sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i tí ó ń tu lẹ́búlẹ́bú bí ìyẹ̀rẹ̀ òsùn, ó ti kú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kì í dúró pọ́n ọn, wọn a fi ara tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni ó ń mú kí ó gbóná tí ó sì ń fà á gùn. Ilẹ̀ wa níhìn-ín, ilẹ̀ iyanrìn ni. Igi tí a bá wọ́ nílẹ̀, iyanrìn ti kún èèpo rẹ̀; a ní láti gbọ̀n ọ́n tàbí kí a bó èèpo kúrò lójú ibi tí a fẹ́ gé. Ohun mìíràn ni pé níwájú eyín kọ̀ọ̀kan òkè kékeré kan wà, òun ni ó ń díwọ̀n bí eyín yóò ti bù ú jinlẹ̀ tó. Àwọn kan a fi fáìlì rẹ́ ẹ lulẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Yóò yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín yóò máa bù ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ yóò máa ta, ṣéènì yóò sì máa gba ìjà tí kò lè jà.

Ní ti fífà rẹ̀, kí ó fara mọ́ abẹ́ báà, kí ọwọ́ sì lè fà á yí nígbà tí ẹ̀rọ bá ti kú, ìbọ̀wọ́ ni kí a wọ̀. Ẹ rántí òtútù òru wa. Ṣéènì tí a fún le nígbà tí ó gbóná ní ọ̀sán yóò sún kì nígbà tí ó bá tutù, yóò sì fa báà àti irin inú ẹ̀rọ títí di òwúrọ̀. Kí a dẹ̀ ẹ́ bí a bá ti parí iṣẹ́.

Ṣéènì tí ó ṣe ọmọ wa léṣe ti já rí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá rẹ̀ yọ ègé lára ṣéènì mìíràn, ó fi òòlù kàn án mọ́ ọn. Ègé náà nípọn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì lè ṣẹ́ po dáadáa nígbà tí ó bá ń yípo. Jíà kékeré tí ń fa ṣéènì ti jẹ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a pa á dà bí ṣéènì méjì bá ti gbó lórí rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀rọ náà ó yẹ kí irin kékeré kan wà tí yóò gba ṣéènì tí ó bá já mú. Ó ti kán, kò sí ẹni tí ó bìkítà.

Ayédèrú wà lọ́jà, n kò jiyàn. Kí ẹni tí ń ra ṣéènì mú ti àtijọ́ dání, kí ó fi nọ́ńbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wé ti tuntun, nítorí èyí tí kò bá báà àti jíà mu yóò pa ara rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Ṣùgbọ́n ojúlówó tí kò rí ọ́ìlì mu kò sàn ju ayédèrú lọ.

Ó ku ti igi tí wọ́n ní ó jà. Mo padà lọ sí ìdí dóńgóyárò náà, mo sì fi ọ̀bẹ túlẹ̀ sí ibi tí ayùn dúró sí. Ìṣó mẹ́rin ni mo yọ. Èèpo ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá. Eyín mẹ́ta tí ó ti kán lára ṣéènì náà, àwọn ni wọ́n kán an. Ta ni ó sì kan ìṣó náà? Àwa ni. Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti ń kan ìkéde ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́ ara igi yẹn. (Bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí a gé e, ní ilẹ̀ tí aṣálẹ̀ ń lé bọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.) Kí oníṣẹ́ máa wo igi àárín ìlú yípo kí ó tó fi ayùn kàn án, kí àwọn tí ń ràn án lọ́wọ́ má sì ṣe dúró ní ọ̀kánkán báà, ìbáà jẹ́ níwájú tàbí lẹ́yìn, nítorí ojú ọ̀nà ṣéènì tí ó bá já nìyẹn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá yóò wí: owó kò sí, ọjà kò tà. Ṣùgbọ́n owó tí ẹgbẹ́ dá fún ìwòsàn itan kan yìí, èmi tí mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ná an mọ̀ pé ìbá ra ọ́ìlì àti fáìlì fún gbogbo ayùn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá ni ó fi ọmọ ọlọ́mọ sídìí ayùn gbígbẹ. Àwọn òbí ọmọ náà wà nílé, wọ́n fi í lé wa lọ́wọ́ pé ará ilé ni wá. Mo sì ń dábàá fún ẹ̀ka wa pé kí a má ṣe jókòó níbi fíríìdọ̀mù ọmọ iṣẹ́ onípákó kankan mọ́ títí yóò fi pọ́n ṣéènì kan níwájú wa, tí yóò sì fi bébà hàn wá pé ọ́ìlì ń jáde. Ọ̀gá tí ó bá kọ̀, kí a má ṣe gba ìwé ìpè rẹ̀.

Bí àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ bá fún mi láyè, èmi yóò mú fáìlì mi wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Kí onípákó kọ̀ọ̀kan mú ṣéènì tí ó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ wá, kì í ṣe tuntun tí ó wà nínú páálí. Ìṣó mẹ́rin náà yóò wà lórí tábìlì.