Ẹ̀jẹ̀ Mọ Àlejò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Tí Ń Fọ Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí dókítà sì ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà mìíràn, kò ní pẹ́ tí a so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ tí àyà yóò fi máa fún un, tí ẹ̀yìn yóò máa dùn ún, tí kò sì ní lè mí dáadáa. Ẹ̀rù a ba àwọn ará ilé. Àwọn kan a ní ọwọ́ ọ̀tá ni, wọn a sì máa fi ojú ìfura wo ìyá àgbà kan nínú ẹbí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ní ọdún 1943, nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso lé Netherlands lórí, dókítà kan tí ń jẹ́ Willem Kolff ṣe ẹ̀rọ kan ní ìlú Kampen. Ọ̀rá cellophane, irú èyí tí a fi ń di sọ́séèjì, ni ó wé mọ́ àgbá tí ń yí nínú omi. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú ọ̀rá náà kọjá, ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì ń yọ́ jáde sínú omi. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ ni ó kú, ṣùgbọ́n ní 1945, obìnrin ẹni ọdún 67 kan yè.

Ọ̀rá náà ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ mọ̀ pé àlejò ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ohun àtọwọ́dá, kí a tó ṣẹ́jú díẹ̀, àwọn purotéènì inú rẹ̀ yóò ti lẹ̀ mọ́ ọn. Onímọ̀ kan, Leo Vroman, kíyè sí i pé àwọn tí ó kọ́kọ́ dé kì í pẹ́ níbẹ̀; àwọn mìíràn tí ó lè dì mọ́ ọn jù wọ́n lọ a wá gba ipò wọn.

Lára àwọn purotéènì wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní complement wà. Wọ́n lé ní 30, iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n sì ń ṣe nínú ara. Èyí tí ń jẹ́ C3 ni ó ṣe pàtàkì jù. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jí fúnra rẹ̀ nígbà gbogbo, ohunkóhun tí ó bá sún mọ́ ọn ni ó sì ń dì mú. Bí ó bá dì mọ́ ara tiwa, àwọn purotéènì mìíràn wà tí ń pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n lára cellophane, ibi ìdìmú pọ̀ fún un, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun tó. Yóò pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì fi ariwo bọnu. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń jagun nínú ẹ̀jẹ̀ yóò gbọ́, wọn yóò sì rọ́ lọ kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1977, àwọn dókítà kan ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, fi èyí hàn kedere. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 àkọ́kọ́ ni sẹ́ẹ̀lì funfun ń dínkù nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn a padà. Ìdí nìyẹn tí ìnira irú èyí fi ń wá ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nítorí náà ni a ṣe wá ọ̀rá mìíràn, irú polysulfone, tí kì í jí àwọn ọdẹ náà tó bẹ́ẹ̀. Ariwo náà dínkù, ṣùgbọ́n kò tán pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ tún máa ń fẹ́ dì lára ohun àjèjì. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi sábà máa ń lo oògùn heparin bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Kí ni kí ìdílé ṣe? Èkíní, bí àyà bá ń fún aláìsàn, tí ara bá ń yún un, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dákẹ́, nítorí ohun tí ó lè fa irú ìnira bẹ́ẹ̀ pọ̀. Èkejì, bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ rí, ẹ rán dókítà létí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí a pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe torí ẹ̀rù pa ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ jẹ. Ìdọ̀tí tí kò jáde lè pa ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí a fi ilẹ̀kùn onírin sí lọ́kàn pẹ̀lú. Títí ayé ni wọn yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin. Àgbo lè ba iṣẹ́ oògùn yìí jẹ́, nítorí náà kí wọ́n bi dókítà léèrè kí wọ́n tó mu ún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ara òun ti yá, kí ó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lo oògùn. Ọ̀kan kò ba èkejì jẹ́.

Ní ti ìyá àgbà tí a ń fura sí, ẹ jẹ́ kí ó jókòó ní àlàáfíà. Àwọn ọdẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó rí àlejò, tí wọ́n sì figbe ta. Bí ó bá lágbára láti bá wa jókòó ti aláìsàn, ẹ jẹ́ kí ó wá.