Asà Ẹlòmíràn Kì Í Ṣe Ogún Ẹni

Mo lòdì sí àwọn tó ń ta “asà ìdílé Campbell” lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Skọ́tlándì, orúkọ kì í ní asà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ni ín. Òfin ọdún 1672 ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Ilé-ẹjọ́ Lord Lyon sì lè fìyà jẹ ẹni tó bá lo ti ẹlòmíràn. Alápá mẹ́jọ, wúrà àti dúdú, tí wọ́n ń tà yẹn, ara asà Duke ti Argyll, olórí ẹbí náà, ni. Ẹ má fi ojú oríkì orílẹ̀, tí gbogbo ọmọ ilé jọ ni, wò ó. Orúkọ ni gbogbo Campbell jọ ni: “ẹlẹ́nu wíwọ́” ní èdè Gaelic. Ọ̀fẹ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má ra ìran rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò.