Wúrà Tàbí Òkúta?
Ẹ̀yin ọlọ́jà Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ gbọ́! Baba kan gbé òkúta tí ń dán yinrin wá bá mi ní Ìdúmọ̀tà, ó ní wúrà Ìperíndó ni. Lóòótọ́, wúrà ń bẹ lẹ́bàá Iléṣà. Ibi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá yọ́ àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní 2021. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná tó gbé wúrà sínú àpáta tó sán, ó gbé irin, bàbà àti imí-ọjọ́ dání. Wọ́n jọ dì sínú iṣan òkúta funfun kan náà. Irin oní-imí-ọjọ́ yìí a sì máa dán bí wúrà! Mo fi òòlù lù ú. Wúrà ì bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Tirẹ̀ fọ́ wómúwómú, ó ń rùn bí ẹ̀tù. Baba ní kí n san owó òkúta òun o!