Òfìfo àti Ìjánu Ọkọ̀: Èrò lórí Ìtumọ̀ Fákúùmù

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ilé tí ó yẹ kí a wò ni iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Ìdí nìyí tí a fi tako àṣà pípe fákúùmù ní òfìfo níbi gbogbo, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ nípa ìjánu ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo jíìpù onídísù, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́bàá ìjánu rẹ̀ ni agolo ribiti kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní haidirófáàkì. Awọ rọ́bà pín inú rẹ̀ sí yàrá méjì. Bí awakọ̀ kò bá tẹ ìjánu, afẹ́fẹ́ inú yàrá méjèèjì kéré. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ìta a wọ yàrá tí ó kọjú sí awakọ̀, a sì ti awọ náà síwájú. Afẹ́fẹ́ ìta ni ó ń ṣiṣẹ́. Òfìfo kò ti nǹkan kan, kò sì fa nǹkan kan.

Nínú ọkọ̀ onípẹtiróòlù, ìlẹ̀kùn kékeré kan ń dín afẹ́fẹ́ tí ń wọ ẹ́ńjìnnì kù. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ a máa kó afẹ́fẹ́ kúrò nínú haidirófáàkì. Ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́ kò ní irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún un. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù, ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí ń fi iná sí bátìrì ni ó wà.

Bí ìjánu irú jíìpù bẹ́ẹ̀ bá ń le lẹ́sẹ̀, a ó gbọ́ pé kí a “fi òfìfo kún un”. Kí ni ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì, yóò rí dì mú nínú gbólóhùn yìí? Ta ni ó ń fi òfìfo kún nǹkan? Yóò so agolo mìíràn mọ́ ọn. Agolo àfikún ń jẹ́ kí a lè tẹ ìjánu ní ìgbà díẹ̀ sí i. Kò lè wo ẹ̀rọ tí ó ti rẹ̀ tàbí páìpù tí ó ti ya sàn. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Èfọ̀n-Alààyè, níbi tí awakọ̀ ń tẹ ìjánu léraléra, ìrànlọ́wọ́ agolo náà yóò tán, ẹ̀mí ènìyàn yóò sì wà nínú ewu.

Àbá wa nìyí. Kí òfìfo wà fún ibi tí kò sí ohunkóhun rárá. Kí a pe ipò inú haidirófáàkì ní àìkún-afẹ́fẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Kò kàn tó ti ìta ni. Kí ẹ̀rọ tí ń ṣe é máa jẹ́ akóafẹ́fẹ́jáde, kí agolo àfikún sì máa jẹ́ àgbá àìkún. Haidirófáàkì ní tirẹ̀ kò ní àtúnṣe: orúkọ ọjà ilé-iṣẹ́ Bendix ní Amẹ́ríkà ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Orúkọ ohun tí a fojú rí lè jẹ́ àyálò; orúkọ tí ń sọ ìdí tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀ kò gbọdọ̀ purọ́.

Àwọn kan lè sọ pé àìkún-afẹ́fẹ́ gùn jù. Gígùn rẹ̀ kò pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò béèrè pé, “Kí ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde?” Ìbéèrè yìí ni yóò mú un dé ìdí ẹ̀rọ àti páìpù kí ó tó ra agolo. Láti ọdún 1970 ni a ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì nínú ètò Ilé-Ifẹ̀. Ó tó àkókò kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, tí Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ lójoojúmọ́.